Ta Ni Ó Ya Ojú Yìí?

Ẹ̀yin baba tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi ọjà yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára yín, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a gbá mọ́ tónítóní yìí, ní àárín gbùngbùn Ìsọlọ̀ Industrial Estate, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti jẹ́ orin àwọn ènìyàn láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo gba ìwé ìpè náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè pé èéṣe tí a kò fi gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ sí Oníkan tàbí sí Lẹ́kí, níbi tí àwọn ilé ìpàtẹ àwòrán pọ̀ sí. Mo dá wọn lóhùn pé bí àwọn kan bá wà ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, tí ó yẹ kí a bá sọ̀rọ̀ àwọ̀, kí a bá wọn sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tẹ ìrísí mọ́ ara aṣọ tí kò fi ní ṣí, àwọn ará Ìsọlọ̀ ni.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní àdúgbò yìí kò ní gbàgbé ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ń kùn yìn-ìn tọ̀sán-tòru, tí ẹ̀rọ Aswani ń ṣiṣẹ́, tí Afprint létí ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá ń tẹ àǹkárá, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń tò jáde ní ìdájí pẹ̀lú ẹrù tí yóò di aṣọ ẹbí ní ibi ìgbéyàwó kan, tí yóò sì di aṣọ òkú ní ibòmíràn. Iná mànàmáná tí kò dúró sójú kan, àti aṣọ òkèèrè tí ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú, ni wọ́n jọ pa ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lẹ́nu mọ́. Lónìí, Aswani ti di orúkọ ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ọjà náà kò sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó kọ́kọ́ ni orúkọ yẹn. Baba mi wà lára àwọn tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àdúgbò yìí. Òun ni ó kọ́ mi pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní rólà tirẹ̀, pé bí rólà kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n fọ́nrán irun, pupa yóò jáde kúrò nínú ilé tí a kọ́ fún un, yóò sì lọ gun búlúù lórí. A kò lè bá a lọ sí òde ìnáwó kan kí ó má di etí aṣọ àlejò mú, kí ó wò ó dáadáa, kí ó sì sọ wẹ́rẹ́ pé, “Pupa eléyìí sá.” Ojú tí baba mi fi ń wo aṣọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi wo àwòrán lónìí.

Àwọn tí mo wá sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn ayàwòrán tí ń ya ènìyàn, àwọn tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró níwájú iṣẹ́ wọn, ojú ni ẹ ó bá pàdé, ọwọ́ ni ẹ ó rí, ìjókòó àti ìdìde ọmọ aráyé ni yóò kí yín káàbọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti máa ń wí, bí a bá sì tẹ́tí sí èdè wa dáadáa, a óò rí i pé ìwòran, òǹwòran àti àwòrán, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ tú àwòrán sí ohun tí a wò tí a fi rántí. Ẹni tí kò bá wò kò lè rántí. Ẹni tí ó bá sì wò tí kò béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ìdajì ìrántí ni ó gbé lọ sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín pé àlejò ni yíya ojú ènìyàn jẹ́ láàárín wa. Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ti rọ orí ènìyàn ní idẹ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú ètè tí ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ àti ìlà wẹ́wẹ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lójú bí òjò. Ní 1938, nígbà tí àwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí náà tún yọ sí ayé. Ọmọ Jámánì kan, Leo Frobenius, ti rí ọ̀kan irú wọn ní Ifẹ̀ ní 1910, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé kò lè jẹ́ ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó ṣe é, pé àṣẹ́kù ìlú Atlantis tí òkun gbé mì ni. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ẹni ńlá bá kú, wọ́n a máa gbẹ́ ère àkó tí ó jọ olóògbé, wọ́n a wọ̀ ọ́ ní aṣọ rẹ̀, wọ́n a gbé e yí ìlú ká kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọlọ́nà ní ìwọ̀n fún jíjọra. Wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ jìnnà sí ènìyàn dé ibi tí a kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ó jọ ọ́ jù, tí hunjọhunjọ ọjọ́ ogbó yóò fi bo ìwà olúwarẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n yìí sínú àpò. A óò tún lò ó.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú kí Frobenius tó fọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, ọmọ Ọbańta, Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní 1882, ti jókòó ní Èkó níhìn-ín, ó ti fi ọ̀dà olómi ya ojú ìyáàfin kan, Spencer Savage. Ọdún 1906 ni. Kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́ ọkùnrin yìí ní yíya àwòrán nígbà náà. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ó ń wò dà kọ láti kékeré, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni ó sì fi ń jẹun. Ẹ rántí irú ayé tí ó wà nígbà náà: òyìnbó amúnisìn gbà pé ènìyàn dúdú lè gbẹ́gi, ó lè hunṣọ, ṣùgbọ́n pé kí ó jókòó, kí ó wo ojú ẹlòmíràn, kí ó sì gbé e sórí pẹpẹ ìyàwòrán pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji rẹ̀, wọ́n ní ìyẹn kọjá agbára rẹ̀. Ọnàbólú kò bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ó ya wọ́n ní ojú lẹ́yìn ojú, àwọn dókítà, àwọn lọ́yà, àwọn àlùfáà, àwọn ìyá ọlọ́lá, ó ya Dókítà Ògúntólá Sàpárà ní 1920, ní ọdún náà gan-an ni ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ohun tí wọ́n ní kò lè kọ́. Nígbà tí ó padà dé ní 1922 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó láti ilé ìwé kan dé èkejì, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí ojú ọ̀nà ṣe ń fún bí ó ti ń jìnnà, tí òpó iná tí ó wà lókèèrè fi kéré ju èyí tí ó wà nítòsí, dé ibi tí àwọn ọmọ náà fi sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Mister Perspective. Nígbà tí mo bá ń wo ojú àwọn tí ó yà, mo máa ń rí i pé kò sí ẹni tí ó tẹrí ba nínú wọn. Wọ́n jókòó bí onílé.

Òun náà ni ó ṣí ìjọba létí títí wọ́n fi mú òyìnbó olùkọ́ kan wá ní 1927, Kenneth Murray, tí ó sì jẹ́ ohun ìyanu pé ọ̀nà tí Murray gbà yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó pè é: Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ padà sí ọnà àwọn baba wọn, kí wọ́n má fara wé òyìnbó. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán dòní, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó tán, nítorí òtítọ́ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Akínọlá Láṣẹ́kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, fi ọwọ́ kan ya ènìyàn, ó fi èkejì ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ta àwọn amúnisìn lójú nínú ìwé ìròyìn West African Pilot. Láti ọwọ́ Murray ẹ̀wẹ̀ ni ọmọ Onitsha kan ti jáde, tí orúkọ rẹ̀ yóò kan gbogbo ayé.

Ben Enwonwu ni mò ń wí, tí a bí ní 1917. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó rí ọmọbìnrin kan tí ń kọjá lọ, Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọmọ Ọọ̀ni, arẹwà ọlọ́rùn gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbé e kọjá lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ó wá àwọn ẹbí ọmọ náà rí, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn láti yà á. Ẹ rò ó wò: ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970 kò tíì jìnnà, àwọn kan ṣì ń wá òkú ọmọ wọn, ọmọ Ìgbò kan sì jókòó níwájú ọmọ ọba Ifẹ̀, ó ń fi sùúrù wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe yí díẹ̀, bí gèlè rẹ̀ ṣe gba ìmọ́lẹ̀, bí ó ṣe ń wo ẹni tí ń wò ó láìfojú sílẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó yà láàárín 1973 àti 1974, ó pè wọ́n ní Tutù. Ó fi ọ̀kan pamọ́ fún ara rẹ̀; ní 1994, tí ó jẹ́ ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kú, olè gbé e lọ. Àwọn méjì yòókù ti fọ́n ká sínú ayé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà tí a tẹ̀ sórí bébà ń bẹ lára ògiri ní pálọ̀ àìlóǹkà ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ọ̀kan wà ní pálọ̀ tiwa. Ìyá mi ni ó gbé e kọ́ sí òkè rédíò, mo sì dàgbà dé bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé obìnrin tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìbátan wa. Mo rò pé àbúrò ìyá mi kan tí ó wà lẹ́yìn odi ni. Nínú gbogbo àlejò tí wọ́n wọ ilé wa, tí wọ́n wo obìnrin náà, tí wọ́n ní “Ẹ wo ọrùn!”, n kò rántí ẹnì kan ṣoṣo tí ó béèrè pé ta ni ó yà á. Nígbà tí ó di ìparí 2017, ẹnì kan láti ilé gbàǹjo Bonhams wọ ilé kan ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá ojúlówó ọ̀kan nínú Tutù lára ògiri níbẹ̀, lọ́dọ̀ ìdílé tí kò mọ ohun tí wọ́n ní. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2018 ni wọ́n tà á. Wọ́n ti fojú díwọ̀n pé yóò mú nǹkan bí 200,000 sí 300,000 pọ́n-ùn wá. Ó mú mílíọ̀nù 1.2 wá. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará wa tí kì í wo àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí ó tó. Èmi kò lòdì sí owó, nítorí ayàwòrán a máa jẹun, ọmọ rẹ̀ a máa lọ sí ilé ìwé. Ohun tí ó dùn mí títí dòní ni pé ìdílé tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwòrán náà láìmọ orúkọ, ìdílé tiwa ní Ìsọlọ̀ sì mọ ojú náà láìmọ ọwọ́ tí ó ṣe é, a jọ wà nínú òkùnkùn kan náà, òkun ni ó kàn wà láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ ilé. Yusuf Grillo, tí a bí ní Èkó ní 1934, tí ó sì fi wá sílẹ̀ ní 2021, ni ayàwòrán tí mo máa ń pè ní aláró. Ó wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Zaria ní 1958, tí wọ́n pinnu pé àwọn yóò kọ́ ọgbọ́n òyìnbó, àwọn kò sì ní jẹ́ kí ti baba wọn sọnù; lẹ́yìn náà ni ó fi ohun tí ó ju ọdún 25 lọ darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology. Bí ẹ bá rí obìnrin tí Grillo yà, gèlè rẹ̀ ga, ara rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ sì rì sínú àwọ̀ ẹ̀lú oríṣiríṣi, láti èyí tí ó dà bí àdìrẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró títí dé èyí tí ó ti gbó sí ara, tí omi àti oòrùn ti pọ́n. Àwọn kan máa ń sọ pé ènìyàn kì í ní àwọ̀ búlúù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jí ní ìdájí rí, ní àkókò tí ìyá àgbà ń ṣílẹ̀kùn kí iná tó tàn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan, adúmáadán, mo sì gbà pé gbogbo wàhálà tí àwọn ayàwòrán òde òní ń ṣe, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ó wà: pé ẹni náà dú, ó sì ń dán, pé dúdú rẹ̀ kì í gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ńṣe ni ó ń dá a padà. Toyin Ojih Odutola, tí a bí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1985, tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò lásán, bírò tí akọ̀wé ọ́fíìsì ń fi sétí, ó sì ń fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà lórí ìlà, títí awọ ara ènìyàn fi ń tàn lójú bébà bí odò lábẹ́ òṣùpá. Ní 2017, ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkóhun-ọnà-sí Whitney ní New York, nínú èyí tí ó fi inú rò ìdílé ọlọ́lá méjì ní Nàìjíríà, ó sì yà wọ́n pẹ̀lú ilé, aṣọ àti ìgbafẹ́ wọn, bí ẹni pé ogún baba wọn kò bàjẹ́ rí. Ní Accra ẹ̀wẹ̀, Amoako Boafo a máa fi ìka ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀dà ojú àti ọwọ́ àwọn tí ó ń yà, tí ẹ ó fi rí ipa ìka náà bí ó ti ń yí kiri lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní Ìbàdàn, Olúwọlé Ọmọ́fẹ́mi, tí a bí síbẹ̀ ní 1988, ń ya àwọn obìnrin tí irun orí wọn kún bí ìkúùkù, ó sì ya Ọbabìnrin Elizabeth fún ìwé ìròyìn Tatler ní 2022.

Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo máa ń padà sí jù ni Babájídé Ọlátúnjí. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni ó kà ní yunifásítì Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní yíya àwòrán. Èédú àti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ni ó fi ń ya ojú àwọn tí ó kọ ilà, pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, tóbi débi pé ojú kan a ga ju ènìyàn lọ, ihò awọ ara kọ̀ọ̀kan hàn, òógùn iwájú orí ń dán. Ẹ ó búra pé ẹ mọ baba náà, pé ó ti bá yín dúnàádúrà rí ní ọjà. Kò sì sí baba kankan. Láti inú ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Ọlátúnjí ti ń ṣa ojú wọ̀nyí jọ, ẹni tí ó jókòó síwájú yín kò rìn lórí ilẹ̀ rí. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ yọ ìwọ̀n àwọn àgbà tí mo ní kí ẹ fi sápò. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi Olúmídé Orẹ́sẹ̀gun, tí ó ń ya omi lára ènìyàn bí ẹni pé yóò kán sílẹ̀, dé orí ẹ̀rọ ayélujára ní 2016, ọ̀rọ̀ tí ó kún ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé “Fọ́tò ni!” Ìyìn ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìyìn yẹn kéré sí iṣẹ́ náà. Kámẹ́rà ti wà tipẹ́. Ẹni tí ó lo oṣù lórí ojú kan ní ohun tí ó rí níbẹ̀ tí kámẹ́rà kò dúró dè, ohun náà ni kí a wá. Nínú iṣẹ́ Ọlátúnjí, èmi rí àwọn baba tí a kò bọ̀wọ̀ fún mọ́ nítorí ilà ojú wọn, tí àwọn ọmọ wọn ń tijú láti mú wọn lọ sí ilé ìwé; ó gbé wọn ga, ó sì ní kí a dúró níwájú wọn.

Ẹ̀yin ará ilé aṣọ, ẹ wá gbọ́ èyí tí ó jẹ́ tiyín. Kọ́ládé Oṣínówò, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1948, tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ya ènìyàn pẹ̀lú ọ̀dà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àgékù aṣọ mọ́ káńfáàsì, tí ìró àwọn obìnrin inú àwòrán rẹ̀ fi di ìró gidi. Njideka Akunyili Crosby, tí a bí ní Enugu ní 1983, tí ó ka ìwé ní Queen's College ní Yaba kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, a máa ya ènìyàn nínú yàrá tí ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀ kún fún fọ́tò láti inú ìwé ìròyìn wa àti aṣọ tí a tẹ ojú ènìyàn sí, irú aṣọ tí a máa ń rà nígbà ìsìnkú àti ìdìbò. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017 ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Marcellina Akpojotor, tí a bí ní Èkó níhìn-ín ní 1989, ni ó lọ jìnnà jù lójú ọ̀nà yìí: ó ń gba àgékù àǹkárá lọ́wọ́ àwọn aránṣọ, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń fi tò ojú àwọn obìnrin, ìyá, ọmọ, ìyá àgbà, tí òdòdó ara aṣọ kan fi di òjìji abẹ́ àgbọ̀n, tí ewé ara òmíràn fi di egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi, tí ó ránṣọ ní ọgbọ̀n ọdún, a máa di àgékù sínú àpò fún ìrọ̀rí. Ó ń sùn lórí ojú ènìyàn láìmọ̀.

Bí ẹ bá wá bi mí léèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣàwárí àwọn wọ̀nyí, èmi yóò sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Bruce Onobrakpeya, baba nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Grillo ní Zaria, ọ̀nà Papa Àjàó ní Mushin ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ìhín. Bọ́ọ̀sì láti Òṣòdì yóò gbé yín dé Yaba, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàtẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, tí owó àwòrán wọn kò sì tíì ju owó tẹlifíṣọ̀n lọ. Ilé àwòrán Ìyá Níkẹ̀ẹ́ náà wà ní Lẹ́kí. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, nínú ọgbà Pan-Atlantic University, ni ilé ìkóhun-ọnà-sí tí Ọmọba Yẹmisí Shyllon fi iṣẹ́ bí ẹgbẹ̀rún kan ta lọ́rẹ, tí wọ́n ṣí ní 2019, wà. Ibẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ọmọ yín jọ ní Sátidé kan kí ẹ lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe sáré wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ wá àga. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tí a yà kí ẹ tó wo ojú rẹ̀, nítorí ojú lè parọ́, ayàwòrán tí kò bá sì mọ ènìyàn, ara ọwọ́ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Ẹ wo ibi tí dúdú ti pàdé ìmọ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ayàwòrán sílẹ̀, kí ẹ sì wá iṣẹ́ rẹ̀ kejì àti ìkẹta, nítorí ẹyọ kan kò tó láti mọ ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo gbàǹjo dà yín lójú rú: ní 2020, wọ́n ta iṣẹ́ Boafo kan ní 675,000 pọ́n-ùn, ní ìlọ́po púpọ̀ iye tí wọ́n pè é, àwọn oníṣòwò sì ń tà á fún ara wọn bí ìgbà tí a ń ta ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò kọ́lé sí i.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú baba mi lọ sí ìpàtẹ kan. Ojú rẹ̀ kò ríran bí ti àtijọ́ mọ́, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì lórúkọ ni ó ni ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ibẹ̀, ìyá kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí wọ́n fi àgékù àǹkárá tò láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró jìnnà kí ojú náà lè yọ sí wọn. Baba mi kò dúró jìnnà. Ó rìn tọ̀ ọ́, ó sún imú mọ́ èjìká ìyá náà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ títí tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé yóò fọwọ́ kàn án. Àgékù kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, búlúù tí ó ní èso pupa, pupa náà sì ti jáde díẹ̀ kúrò nínú ilé rẹ̀. Ó ní, “Tiwa ni. Rólà kẹta ni. A kò rí i tún ṣe títí a fi tilẹ̀kùn.” Ọ̀dọ́bìnrin náà ti gbọ́, ó ti sún mọ́ wa, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé pé inú àpò aránṣọ kan ní Mushin ni òun ti rí aṣọ yẹn, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni, nítorí pupa tí ó sá náà ni ó dà bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré lábẹ́ awọ. Baba mi gbé ojú kúrò lára èjìká, ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, títí ó fi dé ibi tí àwọn yòókù dúró sí, tí ojú ìyá náà fi yọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ọ̀dọ́bìnrin náà, ó ní, “Ìwọ ọmọ, kí ni orúkọ rẹ?”